Wolé-wolé tó ń Fọ́ Ìkòkò l'Ọ́ọ̀kà

Àwọn obìnrin Ọ̀kà ló fi ẹjọ́ Fọláránmi sùn. Wọ́n ní bí wolé-wolé yìí bá ti dé, yóò ní tanwíjí ti kún inú omi, yóò sì fi ọ̀pá fọ́ ìkòkò, kódà bí omi inú rẹ̀ tòrò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti ń ru omi gun òkè wálé.

Ọ̀gá òyìnbó pe Múrítàlá, tí òun náà jẹ́ wolé-wolé, sí ọ́fíìsì ní Ìkàrẹ́. Ògbufọ̀ ní, "Láti òní lọ, abẹ́ rẹ ni Fọláránmi wà. Tó bá di ìparí oṣù, wá sọ ohun tí o rí. Bó bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Fọláránmi fi ọdún mẹ́wàá ju Múrítàlá lọ, òun náà ló sì kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ìwọ Múrí ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi?" Fọláránmi bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò tọrọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Wọ́n jọ gba ọ̀nà Ọ̀kà. Ilé ìyá arúgbó kan, Sẹ̀gilọlá, ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ìkòkò méjì ni Fọláránmi ti fọ́ fún un.

"Ẹ tún wá fọ́ èyí tó kù?" ni ìyá náà fi kí wọn.

Fọláránmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ìkòkò náà, ó pẹ́ kó tó nàró. "Tanwíjí wà níbẹ̀," ló wí, ó sì gbé ọ̀pá sókè.

Múrítàlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo inú omi náà fúnra rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wá fi igbá bù ú jáde sínú oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Tanwíjí dà?"

Fọláránmi gbé igbá náà súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"N kò rí i, Múrí. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú mi ti ń ṣú. Bí mo bá ní kò sí, tí òyìnbó wá rí i ńkọ́? Ìdí tí mo ṣe ń fọ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

"O ò ríran, o sì ń fọ́ ìkòkò mi!" Sẹ̀gilọlá pariwo. "Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo ń sinmi kí n tó gbé omi dókè?"

Fọláránmi dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ kì í kún ìkòkò," ni ìyá náà wí.

Ni Fọláránmi bá gbé korobá kan nílẹ̀, ó gba ọ̀nà odò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀. Omi ṣàn sí aṣọ iṣẹ́ kakí rẹ̀ lára, àwọn obìnrin dúró wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrìn kẹta, ọ̀kan nínú wọn ká òṣùká fún un.

Lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, Fọláránmi béèrè lọ́wọ́ Múrítàlá pé, "Kí lo máa wá sọ?"

"Òótọ́."

"A jẹ́ pé mo ti kó ẹrù mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbọ́ òótọ́ náà tán."

Nígbà tí oṣù parí, níwájú òyìnbó, Múrítàlá ò fi nǹkan kan pamọ́: Fọláránmi jẹ̀bi, ojú ló sì ń dùn ún. Àmọ́ ó fi kún un pé, nínú gbogbo àwọn wolé-wolé, Fọláránmi nìkan ló gbọ́ èdè àwọn ará Ọ̀kà dáadáa. Kí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ìkòkò. Ẹlòmíràn ni kó máa yẹ omi wò.

Òyìnbó gbà. Ó ní kí Fọláránmi wá ìkòkò tuntun fún gbogbo àwọn tí ó ti fọ́ tiwọn, ó sì fún un ní oṣù mẹ́ta láti fi dán an wò.

Àwọn kan l'Ọ́ọ̀kà kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ Fọláránmi. Àmọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ funfun ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkòkò l'Ọ́ọ̀kà. Lọ́jọ́ kan tí òun àti Múrítàlá yà sílé Sẹ̀gilọlá, ìyá náà mọ ohùn rẹ̀ láti inú ilé.

"Fọláránmi, wọlé wá jẹun. Ṣùgbọ́n jìnnà sí ìkòkò mi o!"

Fọláránmi rẹ́rìn-ín, ó tẹríba lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.