Ẹnu Ẹ̀bùn Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀dà funfun ni, tí àwọn ọmọkùnrin ń fi kun pákó kó lè dà bí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba gbogbo họ́ọ̀lù ilé-ìwé wa ní Festac kan, ó dàpọ̀ mọ́ òórùn ìgbẹ́ àdán tó ń ti inú àjà wá, ó sì ń ta wá nímú bí ata. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Òjò ń rọ̀, wọ́n sì ti pa gbogbo fèrèsé dé kí omi má bàa ta sí ọ̀dà náà. Àwa ọmọbìnrin mẹ́rin dúró lórí pèpéle nínú aṣọ dúdú tí wọ́n fi kọ́tìnì àtijọ́ rán, à ń retí ìgbà tí wọ́n máa ní ká pariwo.

Iṣẹ́ wa nínú eré náà nìyẹn: ariwo. Àǹtí Adéọlá, tó ń kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ eré yẹn fún ìparí sáà. Ó dá lórí ìlú kan lókè òkun láyé àtijọ́, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ tí kì í jó, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn àjẹ́ kan ara wọn. Ẹni tó bá gbà pé àjẹ́ lòun, wọ́n á dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe àjẹ́, wọ́n á so ó kọ́. Nígbà tí Àǹtí ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, Fúnkẹ́ nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé orí àwọn èèyàn yẹn pé ṣá?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ni wá, a sì gbọ́n lójú ara wa.

Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe ariwo tèmi. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ẹ̀yìn ilé níbi tí ìyá mi ń sá aṣọ sí ni mò ń lọ, màá figbe ta títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Lọ́jọ́ kan Mama Uche, aládùúgbò wa, já wọ ọgbà wa tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́, ó ń pariwo pé, "Wey am? Na snake?" Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kì í gbóhùn sókè, gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú díẹ̀, ó ní, "Mọrẹ́nikẹ́, ká ní bí o ṣe ń ké yìí lo ṣe ń ka ìṣirò ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ò bá dà." Ó sì gbé ìwé ìròyìn padà sójú.

Ìyá mi ní tiẹ̀ ní ìbéèrè kan tí gbogbo wa mọ̀ bí a ṣe mọ orúkọ ara wa. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wọlé láti ìta, kò ní bá wa jiyàn, kò ní pè é ní irọ́. Á kàn bi wá pé, "Ojú ni àbí etí?" Bó bá jẹ́ etí la fi gbọ́ ọ, tí kì í ṣe ojú wa ló rí i, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ká lọ fọ abọ́.

Ẹ̀bùn ni wọ́n fún ní ìwé eré mú. Ọmọ tuntun ni, láti Satellite Town ló ń wá. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé, torí ọkọ̀ epo ni bàbá rẹ̀ ń wà, kì í gbélé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló máa ń jókòó sí lórí àpótí, tí á máa fojú tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, tí ètè rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́ láìsí ohùn. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tí kò yọ nínú ìtìjú rí nínú wa. Adájọ́ eré wa gan-an, bí kò bá sí Ẹ̀bùn, kò ní lè dá ẹjọ́ ewúrẹ́ méjì.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, a pariwo. Fúnkẹ́ pariwo ju gbogbo wa lọ, ojú rẹ̀ yí, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Àǹtí Adéọlá pàtẹ́wọ́. "Ó dáa gan-an, Fúnkẹ́! Ó yá, dìde." Fúnkẹ́ ò dìde. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n fi ìwé fẹ́ ẹ, wọ́n bu omi sí i lójú. Nígbà tó la ojú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá agogo oúnjẹ ti lù. Ìyẹn nìkan ti tó kó ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún ẹni tó bá fẹ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n kí a tó jáde ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ti ní òun rí ẹnu Ẹ̀bùn tó ń mì lẹ́yìn kọ́tìnì nígbà tí Fúnkẹ́ ń ṣubú. Èmi náà ti rí i. Ojoojúmọ́ la ń rí i, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe wá sọ ọ́ yìí, ó dà bí ẹni pé a ò rí i rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ méjì dákú. Lọ́jọ́rú, ọmọ márùn-ún, tí ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ sí nínú eré. Òórùn ọ̀dà lé àdán kan jáde láti inú àjà lọ́sàn-án gangan, gbogbo kíláàsì sì sá gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn kan ń ki Bíbélì kékeré bọ inú yúnífọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n bá fẹ́ kọjá lára Ẹ̀bùn, kó má bàa rí ojú wọn. Ẹni tó ń bá a jókòó gbé àga rẹ̀ kúrò. Ẹ̀bùn ń dá jẹun, ó ń wo abọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ kan wà tí à ń pè ní Ìyá Àdúrà, òun ló ń kọ́ wa ní oúnjẹ sísè, òun náà ló sì ń darí fẹ́lóṣíìpù. Obìnrin rere ni, ó fẹ́ràn wa dénú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ó kéde pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ti fa òun wọ ẹgbẹ́ àjẹ́, kó wá jẹ́wọ́ ní yàrá ìdáná, wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́. Àdúrà ló máa gbà fún un. Ẹni tí wọ́n bá ti gbàdúrà fún, ó rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kó sinmi níbẹ̀ títí di ọ̀sán, kó mu mọ́ọ̀tì, kó jẹ mítípáì. Òórùn mítípáì náà sì ti ń jáde láti inú ààrò rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìdánwò ìṣirò la ní láago mẹ́wàá.

Bàbá mi máa ń sọ pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì ní ilé àǹjọ̀fẹ́. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ ní yàrá ìdáná lọ́jọ́ náà, ẹ ó mọ̀ pé bàbá mi ò parọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìlà àwọn àjẹ́ ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń tì ara wọn. Nígbà tó kàn mí, Ìyá Àdúrà bi mí pé, "Ta ló mú ẹ wọ ẹgbẹ́?"

Mo yọjú wo ìwé rẹ̀. Orúkọ kan náà ni gbogbo àwọn tó ṣáájú mi dá. Mo ní, "Ẹ̀bùn ni, Mà."

"Níbo lẹ ti ń pàdé?"

Mi ò tíì ro ìyẹn. "A máa ń fò kọjá géètì, Mà, a ó wá sinmi díẹ̀ ní Mazamaza."

Bírò rẹ̀ dúró. "Mazamaza? Láàárín gbogbo mọ́tò yẹn?"

"Ó ti rẹ̀ wá ni, Mà."

Ó mi orí tàánú-tàánú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mítípáì náà gbóná, ó dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín lórí ìyẹn.

Nígbà tí mo délé, ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti ṣọ́ọ̀ṣì ó ti dé etí ìyá mi. Ó ń gé ẹ̀fọ́, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní ọmọ kan ń fi ẹnu pa àwọn ọmọ nílé-ìwé yín. Ojú ni àbí etí?"

Kì í ṣe ojú. Kì í ṣe etí. Ẹnu èmi fúnra mi ni, ìyá mi ò sì bèèrè ẹnu rí. Mo lọ fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Ìyá mi wá gbójú sókè, ó wò mí lọ wò mí bọ̀. Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wa tò sí pápá. Pírínsípà wa, ọkùnrin gíga kan tó máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn, dúró níwájú. Ẹ̀bùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́. Àwọn òbí kan ti ní bí wọn ò bá lé ọmọ náà, àwọn á kó ọmọ àwọn kúrò.

Ìyá Àdúrà sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀bùn, gbà ṣá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Gbogbo wọn ti gbà. A ó gbàdúrà fún ẹ, wàá padà sí kíláàsì rẹ, ó parí."

Ẹ̀bùn di etí yẹ̀rì rẹ̀ mú. Ó ní, "Mà, ọ̀rọ̀ tí Àǹtí kọ sínú ìwé ni mò ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gba ohun tí mi ò ṣe."

"Bí o ò bá gbà, wọ́n á ní kó o máa lọ o."

"Mo gbọ́, Mà."

Màmá àgbà náà tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀bùn, ṣé o ṣe é?"

"Rárá, Màmá."

"Ó tán. Lọ gbé báàgì rẹ, ká máa lọ sílé." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún pírínsípà, ó dúpẹ́ pé ó gba ọmọ òun tẹ́lẹ̀, ó sì fa Ẹ̀bùn lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kúrò níbẹ̀ náà ló dùn mí jù. Wọn ò bú wa. Wọ́n kàn ń lọ.

Pírínsípà wúkọ́. "Ó dáa. Ó ku àwọn tó ti jẹ́wọ́." Ó gba ìwé lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, ó ṣí i. "Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi mítípáì wò. Gbogbo àjẹ́ tí orúkọ wọn wà níbí, ẹ óò gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú bàbá àti ìyá yín wá, kí wọ́n wá sọ ibi tí ẹ ti kọ́ ọ." Lójú mi kòrókòró, ó ṣẹ́jú sí Àǹtí Adéọlá, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń dẹ́rù bà wá ni, kí òtítọ́ lè jáde.

Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ ké pé, "Sà! Èmi ò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà ni o! Ọ̀dà yẹn ló kọ lù mí!" Bí ìgbà tí ìsédò bá já ni. Ẹni yìí ní òun kàn sùn ni, ẹni yẹn ní torí ìdánwò ni. Èmi náà jáde síwájú, mo ń sunkún, mo ní, "Sà, mi ò fò rí. Ẹ̀bùn ò ṣe nǹkan kan fún mi. Irọ́ ni mo pa." Pírínsípà ní kí wọ́n sáré pe Màmá àti Ẹ̀bùn padà, wọ́n sì bá wọn lẹ́nu géètì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹsẹ̀ mi kan ti jáde kúrò lórí ìlà kí pírínsípà tó dárúkọ ààwẹ̀. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó, òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ̀. Bóyá torí Ẹ̀bùn ni mo ṣe jáde, bóyá torí ikùn mi.

Mo lọ bẹ Ẹ̀bùn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ mi tán, ó wá ní, "O tiẹ̀ ní a sinmi ní Mazamaza. Kí la fẹ́ lọ ṣe ní Mazamaza?" Ó dárí jì mí, ó ń kí mi, ṣùgbọ́n a ò di ọ̀rẹ́. Ó dá ìwé eré padà fún Àǹtí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kí kálukú kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣe eré náà, adájọ́ gbàgbé ìdájọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnì títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó bá ní kí gbogbo wa máa lọ sílé wa. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo ti lé lẹ́ni ogójì báyìí, Amuwo-Odofin ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ nínú gírúùpù Wásáàpù àdúgbò wa. Opó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí ilé kejì sí tiwa, wọ́n ní ó máa ń jó nǹkan lẹ́yìn ilé ní ìdájí, àti pé láti ìgbà tó ti dé ni ikọ́ ti ń ṣe àwọn ọmọdé. Alága ní kí kálukú fi orúkọ rẹ̀ kún ìwé tí a ó fún lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ kó lé e jáde. Orúkọ ń wọlé, mọ́kànlá, méjìlá, pẹ̀lú àmì àdúrà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gba ẹ̀yìn lọ kí obìnrin náà lọ́sàn-án Sátidé. Èèpo ọsàn gbígbẹ ló ń jó, ó fi ń lé ẹ̀fọn. Ó bù díẹ̀ fún mi.

Mo padà sílé, mo gbé fóònù. Ọmọ ọdún méjìlá tí mo ti jẹ́ rí ì bá ti fi orúkọ rẹ̀ sí i, á sì fi ìtàn lé e. Èmi àgbàlagbà yìí, mo tẹ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, ìrẹsì jóná lórí iná, kí n tó lè fi gbólóhùn mẹ́ta ránṣẹ́: "Mo ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èèpo ọsàn ni. Ẹ má fi orúkọ mi sí i."

Alága kọ̀wé sí mi pé, "Ìyá Tọ́míwá, àbí ẹ̀yin náà wà lára wọn ni?"

Mo gbé ìka lé gbólóhùn mẹ́ta yẹn títí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ fi yọ. Ṣùgbọ́n mi ò pa á rẹ́.