Àpótí Ìyàwó Mi àti Tíì Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé. Ẹ fa àga mọ́ra, kí àgbà gba ibi tó rọ̀, kí ọmọdé jókòó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, àmọ́ n kò ní sáré sọ ọ́, nítorí ẹni tó ń mu tíì gbígbóná kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni, àti ti àpótí rẹ̀ kan, àti ti ìyá òyìnbó kan tó ń ta ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Norcross, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wa. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òun ń gbẹ̀bí ní ọsibítù. Nígbà tí eékún mi kọ̀ tí kò gba àtẹ̀gùn ilé wa mọ́, tó di pé ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní Atlanta ní, "Dádì, ilé tèmi ní yàrá nísàlẹ̀. Ẹ̀yin àti Mọ́mì, ẹ máa bọ̀." Bí a ṣe dé Grayson, lẹ́bàá Atlanta, nìyẹn.

Ilé náà dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi báàgì ọjà kọ́ ọwọ́, ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ ra mílíìkì. Ìyàwó ọmọ wa lanu.

"Mọ́mì, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ ń dé níbí o. Ẹ jẹ́ kí n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

"Mo ní kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo lẹ́sẹ̀."

Ó rìn dé ìparí àdúgbò, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti tán lójijì, tí koríko àti mọ́tò tó ń sáré gba iyókù. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó padà wálé, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù náà kọ́. Ó pẹ́ kó tó tún wọ̀ ọ́.

Ti tíì ló wá le jù. Ọmọ wa mú wa lọ jẹun níta, ìyàwó mi ní kí wọ́n fún òun ní tíì. Wọ́n gbé ife gíga kan wá, yìnyín kún inú rẹ̀, ó dùn bí oyin. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ àná fún lálejò. Nílé ńkọ́? Máíkírówéèfù ni ìyàwó ọmọ wa fi ń mú omi gbóná. "Ẹ gbà mí," ni ìyàwó mi ń wí, "omi tó gbóná láì hó!"

Ọmọ wa a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Mọ́mì, àwọn tó wá jọba lé wa lórí, tíì wọn náà lẹ wá ń ṣàárò?"

"Jẹ́ n sinmi. Kì í ṣe ọba wọn ni mo ń ṣàárò. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọjọ́ orí mi ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ife tíì yẹn ló ń sọ fún mi pé mo ti délé."

Nígbà tó yá, kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó fa àpótí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù jáde, ó di ẹrù sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wa. Ó sọ fún ọmọ wa pé kí òtútù tó dé, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òun, òun fẹ́ lọ máa gbé ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ̀ pé eékún mi kò lè tẹ̀lé òun. Èmi náà mọ̀. Àwa tí a ti jọ ń sùn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú! N kò bẹ̀ ẹ́. Kí ni n óò fi bẹ̀ ẹ́? Mo kàn ń wo àpótí yẹn láràárọ̀ tí mo bá ń wá bàtà mi, bí ẹni ń wo àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ fún wa nípa ṣọ́ọ̀bù ìyá òyìnbó. Ọmọ wa fi mọ́tò gbé wa lọ lọ́jọ́ Sátidé. Àárín ilé mẹkáníìkì kan àti ilé búrẹ́dì àwọn ará Mẹ́síkò ló wà, agogo kékeré kan sì ń dún lókè ilẹ̀kùn tí èèyàn bá wọlé. Ìyàwó mi dúró níwájú pẹpẹ bisikíìtì, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Tíì wà níbẹ̀, irú èyí tí à ń mu gan-an. Kọ́sítáàdì wà níbẹ̀. Jáàmù ọsàn kíkorò wà níbẹ̀.

Ìyá òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn. Arúgbó ni, ó tó wa lọ́jọ́ orí, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ní olùfẹ́.

"Ó jọ pé òjò máa rọ̀, olùfẹ́."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó mi dáhùn. "Àmọ́ ẹ ò rí i pé àná dára."

"Àná dára gan-an. A ò lè ráhùn."

"Ẹ má jẹ́ ká ráhùn rárá."

Ẹ gbọ́, kò sí ìkúùkù kan lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́hùn-ún nìyẹn. Ojú ọjọ́ ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n má baà béèrè ara ẹni. Àwọn méjèèjì lo òjò tí kò rọ̀ yẹn gbó, ojú ìyàwó mi sì ń tàn. Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, ìyá òyìnbó ní, "Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́rin, mo máa ń gbé omi kaná. Ẹ gbọ́dọ̀ yà wá mu tíì."

"Ẹ ṣé gan-an," ni ìyàwó mi wí. "Inú mi á dùn."

Ọjọ́bọ̀ dé. Aago mẹ́rin ń sún mọ́lé, ìyàwó mi jókòó, ó ń ká aṣọ.

Mo ní, "Ìyá wọn, ṣé o ò lọ ni?"

"Lọ síbo?"

"Ibi tíì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti gbàgbé Lọ́ńdọ̀nù ni? Ẹnu lásán nìyẹn."

N kò lè bá a jiyàn, nítorí mo mọ ohun tó rí. Ọdún tí a kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń sọ lórí ọgbà pé kó wá mu tíì lọ́jọ́ kan. Ìyàwó mi gbà á gbọ́. Ó se mọ́ínmọ́ín, ó bu sínú àwo tó dára jù nílé, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá náà ṣí i díẹ̀, aṣọ ìnura wà lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde, ó gba àwo, ó dúpẹ́ títí, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi dúró sórí àtẹ̀gùn yẹn, kò mọ̀ bóyá kóun dúró de àwo òun ni o, tàbí kóun máa lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ìpè wọn kan wà tí kì í ṣe ìpè. Àwa náà sì ní tiwa: ẹni tó ń jẹun a ní ẹ wá jẹun, ẹni tó ń kọjá a ní á gba ibi ire o, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọjá fọwọ́ bọ àwo wò ná!

Nítorí náà kò lọ. Ọjọ́bọ̀ mìíràn kọjá, kò lọ. Àpótí dúró síbi tó wà.

Ìgbà tí tíì wa fẹ́ tán, ìyàwó mi wà ní ìpàdé àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ọmọ wa fi mọ́tò gbé mi lọ ra òmíràn. Agogo dún, ìyá òyìnbó gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Ṣé ara ìyàwó yín kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo tẹ́ tábìlì dè é. Mo gé kéèkì. Mo dúró títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún tẹ́ ẹ."

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn. Tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀, aṣọ funfun lórí rẹ̀, ife méjì dojú délẹ̀. Mo fa àga kan mọ́ra. Mo jókòó, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí mọ́ínmọ́ín dé orí ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi náà ṣe é," ló wí. "Ìgbà tí mo dé Georgia, obìnrin kan ní òdìkejì ọ̀nà ní kí n máa bọ̀ nígbàkigbà. Mo ní, ẹnu lásán. Mo jókòó sílé mi, mo ń ro pé mo gbọ́n. Ọjọ́ kan ló wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí lọ síbi oúnjẹ. Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ọ̀rọ̀ náà ti ọkàn mi wá. Tí kò bá wá, màá wá fà á."

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Ó gé kéèkì?"

"Ó gé e."

"Ó sì dúró?"

"Ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ó fi etí ìró nu ojú. "Bàbá, ẹ̀yin náà! Kí ló dé tí ẹ ò lé mi jáde nílé?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a nídìí iná, ó ń se mọ́ínmọ́ín.

"O ò gbọ́n síbẹ̀?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Tó bá gba àwo lẹ́nu ọ̀nà, màá mọ ibi tí mo máa lọ."

Mo mọ ibi tó ń wí. Mo tẹ̀ lé e nínú mọ́tò, bí ọmọ tó ń lọ gba èsì ìdánwò. Ó kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé gbogbo ayé kàn ń tì í wọlé ni. Ìyá òyìnbó ṣí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo, ó fi ìgúnpá ti ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ó sì fi ẹ̀yìn dá a dúró kí ìyàwó mi lè kọjá. Mo mí kanlẹ̀.

Láti ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ di ti tíì. Wọ́n á da omi gbígbóná sínú ìkòkò tíì kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ móoru, wọ́n á dé e ní fìlà òwú kó má baà tutù. Wọ́n á jà lórí bóyá mílíìkì ló yẹ kó ṣíwájú ni àbí tíì. Ìjà yẹn kò parí. Ìyá òyìnbó ń da ọbẹ̀ inú ìgò wọn, èyí tó dúdú tó kan, sórí mọ́ínmọ́ín, ìyàwó mi á ní, "Olúwa, dárí jì í." Òtútù dé, ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, n kò sì béèrè. Ẹni tí ẹyẹ bà sórí igi rẹ̀ kì í pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ kan ni ìyàwó mi mú ìròyìn dé. Ojú ìyá òyìnbó ti ń ṣú, kò lè wa mọ́tò mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé létí òkun fẹ́ wá mú un. Ó máa ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, ó parí. Ohun tó dá ìyàwó mi dúró ti ń lọ.

Ní òwúrọ̀ kan mo wà nídìí oúnjẹ, mo gbọ́ táyà àpótí tó ń yí lórí ilẹ̀. Mo mú ọ̀pá mi. Kí n tó dé yàrá, mo ti ro bí ilé yìí ṣe máa ṣófo tó bá lọ.

"Ìyá wọn, ibo là ń lọ?"

Àpótí lanu sílẹ̀. Gbogbo aṣọ inú rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí òkìtì.

"Ta ló ń lọ síbì kan? Ìyá yẹn ni kò ní àpótí tó dáa. Ẹyọ kan tó ní, ọwọ́ rẹ̀ ti já. Ẹ bá mi na ìkọ́ aṣọ yẹn wá."

Mo jókòó wọ̀ọ̀, sórí ohun tó wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde lórí bùláòsì mi!"

N kò dìde. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n já okùn lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá òyìnbó lọ. Àwọn ará Mẹ́síkò jogún pẹpẹ rẹ̀, wọ́n ń to búrẹ́dì sí i. Ìyàwó mi jogún ìkòkò tíì àti tábìlì, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ-ọmọ wa jogún fìlà òwú, ó fi ń dé ọmọláńgidi. Èmi jogún agogo. Wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bisikíìtì, kí wọ́n lè gbọ́ tí mo bá ń yọ́ ṣí i. Obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ilé tiwa, ọmọ Georgia tó ń mu tíì oníyìnyín láti kékeré, jogún àga kejì. Ìyàwó mi kò kàn ní kó wá lọ́jọ́ kan o. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fẹsẹ̀ sọdá títì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wá.

Ìyá òyìnbó ló jogún àpótí búlúù. Àyè tó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bàtà mi ló jogún ìyẹn.