Ọ̀rọ̀ Tí Marẹ́sì Gbé Dé Òkè Wa

Ọkùnrin kúkúrú kan wà ní abúlé wa lórí òkè yìí tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Marẹ́sì. Kì í ṣe ọmọ wa. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, láti ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ọba Róòmù ti bá ilẹ̀ Páṣíà pààlà. Ogun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ kò pa ènìyàn kan rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì gbà á gbọ́, torí mi ò rí i kó dúró wo àgùntàn tí wọ́n ń dúńbú rí.

Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá fún Koséńtíò, ọ̀gágun Róòmù, ẹ̀gbọ́n Marẹ́sì ti níyàwó, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Marẹ́sì ní òun yóò lọ. Ó dé ibùdó, wọ́n gbé apata fún un, apata bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ lo gbé apata ni, àbí apata ló gbé ẹ?" ọmọ ogun kan bi í.

"À ń gbé ara wa ni," Marẹ́sì dáhùn.

Olórí ẹgbẹ́ wọn gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba apata náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ò ní bá wa jà. Àwọn tó bá ṣubú ni wàá máa bá wa gbé."

Ẹni mẹ́jọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í mú ohun ìjà. Orí ẹṣin ni wọ́n máa ń wà lẹ́yìn àwọn tó ń jà, pẹ̀lú àpò awọ tó kún fún omi. Àlùkẹ́ḿbù méjì ló wà lápá òsì gàárì wọn: wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ ti iwájú, ẹni tó gbọgbẹ́ á ti ẹsẹ̀ bọ ti ẹ̀yìn, á fi gun ẹṣin náà, á sì jókòó tì wọ́n lẹ́yìn. Òfin wọn kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá sún mọ́ ọ jù ni kí o kọ́kọ́ gbé, má bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

Marẹ́sì fi tirẹ̀ kún un. Ó ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọgbẹ́ kò tó pa, àmọ́ bí oorun bá gbé wọn lórí ẹṣin, wọ́n á jábọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ni ìyá ẹ máa ń sè tó o fẹ́ràn jù?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mi ò fi ẹ́ sílẹ̀. Kí ló máa ń sè?"

"Ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà lásán? Kò lálùbọ́sà nínú?"

"Ta ló ń se ẹ̀wà láìfi àlùbọ́sà sí i? Ibo ni wọ́n ti bí ẹ ná?"

Báyìí ni wọ́n á máa jà lórí àlùbọ́sà títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé olódi méjì ni Koséńtíò gbà lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà. Ti kejì, ebi ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dó ti ìlú ńlá kan títí òtútù fi dé, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì pa wọ́n ju ọfà lọ. Koséńtíò kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun táwọn ọmọ ogun bá jẹ lòun náà ń jẹ, ó sì mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún kẹta, lẹ́tà dé láti olú-ìlú pé ọba ń retí ìròyìn ìṣẹ́gun kí ọdún tó parí. Àwọn àgbà ogun bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọdá odò Nímfíò títí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò fi dé bá àwọn ẹlẹ́ṣin. Ó sọdá.

Ẹ̀yìn òkè làwọn ará Páṣíà lúgọ sí. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ọ̀tá ti wà níwájú àwọn tiwa, odò sì wà lẹ́yìn wọn.

Ìgbà mọ́kànlá ni Marẹ́sì gbé ènìyàn la odò yẹn kọjá. Ẹni kejìlá ni Bítò.

Ọmọ abúlé wa tí àwọn ará Róòmù kó lọ sógun ni Bítò, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Tatásà bí. Èdè òkè wa nìkan ló gbọ́. Nínú èdè àwọn ọmọ ogun, kò mọ̀ ju "dúró," "lọ" àti "padà" lọ. Ọ̀kọ̀ ti gún un níkùn. Marẹ́sì fi omi ra á létè, ó tì í gun ẹṣin.

"Kí ni ìyá ẹ máa ń sè?"

Bítò sọ nǹkan kan tí kò yé Marẹ́sì.

"Ẹn-ẹ́n, ó dùn létí. Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Nígbà tí omi dé ikùn ẹṣin, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wé ọwọ́ mọ́ ìbàdí Marẹ́sì bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n gúnlẹ̀, oníṣègùn wò ó, ó ní, "Èyí ti lọ."

Marẹ́sì kò sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ná," ló wí.

Ẹnì kan tó bá Bítò pàgọ́ ló sọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ fún un, àti òkè tó ti wá. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Marẹ́sì á sọ ọ̀rọ̀ Bítò fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìró kankan má baà sọ nù níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba àṣẹ ogun lọ́wọ́ Koséńtíò. Lẹ́yìn ọdún méjì, Róòmù àti Páṣíà parí ìjà, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ogun ìlà-oòrùn wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Marẹ́sì tọrọ àyè ọjọ́ mẹ́wàá, ó gun òkè wá.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ìyá Tatásà ń fún wàrà ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá mi, tó ti ṣiṣẹ́ nílùú rí, ló ń túmọ̀ fún wọn. Marẹ́sì ṣí fìlà.

"Ìyá, èmi ni mo gbé Bítò lórí ẹṣin."

Ìyá Tatásà kò dìde. "Ṣé ó ti kú?"

"Ó ti kú, ìyá."

"Ṣé òun nìkan ló wà?"

"Rárá o. Mo wà níbẹ̀. Ó dì mọ́ mi."

"Kí ló wí?"

"Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé e wá."

Ó dúró ṣinṣin, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún dé ẹnu. Ìyá mi kò ní ohun tí yóò túmọ̀, èdè wa ni: "Ìyá, wàrà ń hó dànù, gbé e kúrò lórí iná."

Ìyá Tatásà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí omijé tó dé. "Mo máa ń gbàgbé wàrà lórí iná," ó ní. "Láti kékeré ló ti máa ń pè mí bẹ́ẹ̀." Nígbà tó ṣe, ó nu ojú. "Tún un sọ."

Marẹ́sì tún un sọ.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe 'wàrà.' Gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ó pè é, Marẹ́sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí ó fi tọ́. "Ṣé o ti jẹun?"

Mẹ́jọ nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ló fi tún ọgbà ewúrẹ́ ìyá náà ṣe. Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, òun àti ìbaaka kan ló gun òkè padà, ó sì kọ́lé ti ilé Ìyá Tatásà. Èdè wa kò tọ́ lẹ́nu rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń wá ewúrẹ́ tó sọ nù, àṣìpè gbé e, ó ń bi àwọn obìnrin létí omi bóyá wọ́n rí ìyàwó òun.

Opó kan tó ń jẹ́ Bẹndína wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Irú èwo lò ń wá?"

"Funfun ni," Marẹ́sì dáhùn, "ìwo rẹ̀ kan ti kán."

Bẹndína rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kí òtútù tó dé, ó ti fẹ́ ẹ.

Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni Ìyá Tatásà kú sí, ó ti dàgbà gan-an. Marẹ́sì kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí à ń kórè àjàrà. Àwọn kan ní kí Bẹndína ta ìbaaka rẹ̀, ó ní òun kò tà. Ìbaaka náà ṣì ń jẹko lẹ́yìn ilé wọn, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, àwọn ọmọ abúlé sì ń já koríko fún un.