Eegun Inú Ẹja Ṣáwá

Dọ́là mẹ́rìndínlógún ni mò ń ta páálí ṣáwá yíyan kan nígbà náà. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, mo máa ń ní kó lọ bá ẹja lódò kí wọ́n jọ ná an. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ń rùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Òórùn ẹja, irú àti edé máa ń tẹ̀ lé oníbàárà wọ mọ́tò, á sì bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Bó o bá fẹ́ mọ ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ mi, ṣáà lọ jókòó tì í nígbà ìwàásù.

Obìnrin kan wà tó fẹ́ràn ṣáwá mi ju gbogbo wọn lọ. Nọ́ọ̀sì ni, Màmá Nọ́ọ̀sì là ń pè é, ó jù mí lọ dáadáa. Opó ni, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Lọ́dún yẹn, ó ṣàdédé ṣíwọ́ ríra ṣáwá. Á wọlé, á ra gaàrí, á ra èlùbọ́, á wo ibi tí ẹja wà bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ti lé e jáde, á sì máa lọ. Mo rò pé ẹlòmíì ló ń tà á fún un lówó pọ́ọ́kú, inú sì ń bí mi. Àṣé ọmọ ọ̀hún ló kúrò nílé. Ó ti sọ fún ìyá ẹ̀ pé ọkùnrin lọkàn òun ń fà sí, ìyá sì ní kó má wọlé òun mọ́. Ọmọ náà ò jà. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ ṣe fíìmù.

Fíìmù yẹn ló wá da ìlú rú. Sinimá kékeré kan nínú ìgboro Atlanta ló gbé e, irú ibi tí wọ́n ti ń fi fíìmù tí kò ní ìbọn, tí kò ní ijó hàn. Wọ́n ní ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ ara wọn ló wà níbẹ̀, pé Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ. Yorùbá yẹn gan-an ló dun àwọn èèyàn wa jù! Ká ní òyìnbó ni wọ́n ń sọ ni, bóyá à bá ti gbójú kúrò. Lẹ́yìn ìsìn, alága ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa dìde.

"Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi hàn mí. Ẹ jẹ́ ká ra gbogbo ìjókòó ọjọ́ Sátidé tán pátá, ká wá jókòó sílé wa. Ta ló máa wò ó?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Èmi rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tó ra gbogbo ẹja mi tán, ṣé ó lé mi kúrò lọ́jà ni? Páálí míì ni màá lọ kó wá. Àmọ́ ta ló ń bá ẹni tí Ọlọ́run fọgbọ́n hàn jiyàn?

Alága wá yíjú sí Màmá Nọ́ọ̀sì. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rà á, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹ ò sí lẹ́yìn ẹ̀."

Obìnrin náà yọ fóònù. Ó rà á. Èmi náà ra tèmi.

Nígbà tó di Sátidé, mo wo tíkẹ́ẹ̀tì inú fóònù mi. Mi ò ra nǹkan rí kí n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á. Ká sòótọ́, ojú ló ń yún mi. Gbogbo wa là ń pariwo, ẹnì kan ṣoṣo ò tíì rí ohun tá à ń pariwo lé lórí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo fa fìlà òtútù bojú, mo wa mọ́tò lọ. Ọmọge ẹnu ọ̀nà ní wọ́n ti ta gbogbo ìjókòó tán, pé àwọn èèyàn á máa dé láìpẹ́. Mo ní ó dáa. Kò sẹ́ni tó dé. Iná kú, gbọ̀ngàn ṣófo kalẹ̀, mo wá rí orí kan níwájú tó fi ìborùn wé gbogbo ojú. Ó húkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ó máa ń hú u bí mo bá ń di ata gígún sínú ọ̀rá. Mo lọ jókòó tì í.

"Yéè! Ìyá Ẹlẹ́ja! Ìwọ náà?"

"Màmá, owó mi ni mo wá jẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí mi pé kí n wò ó kí n tó dájọ́. Bó bá fi mí ṣẹ̀sín nínú ẹ̀, ó parí nìyẹn. Mi ò ní wá a mọ́ láéláé."

Ọ̀rẹ́ mi, iná ni mo retí, èéfín ni mo rí. Fíìmù náà lọ́ra bí ìgbín tó yó. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń kó ẹrù sínú bàálù ní College Park, èkejì ń gẹrun. Wọ́n ń wo ara wọn bí èèyàn ṣe ń wo ọjà tówó ẹ̀ ò sí lápò. Mo mọ ìwò yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lórí káńtà mi. Nígbà tí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, Màmá Nọ́ọ̀sì di ojú. Èmi la tèmi sílẹ̀ kedere. Kí ni mo wá ṣe? Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò ṣàjèjì tó bí mo ṣe rò.

Wọ́n wá jókòó jẹun. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ṣáwá. Onígbàjámọ̀ náà la ẹja sí méjì, ó fa eegun ẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ó ń fi àtàǹpàkò wá àwọn eegun wẹ́wẹ́ kiri, ó sì rọra ti ẹja náà sí etí àwo èkejì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé kì í ṣe òun. Màmá Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ọwọ́ mi nìyẹn."

"Ọwọ́ yín bíi báwo?"

"Bí mo ṣe máa ń yọ ọ́ fún un nìyẹn. Eegun há a lọ́fun ní kékeré. Títí tó fi jáde yunifásítì ni mò ń yọ ọ́. Màá wá wo fèrèsé kójú má bàa tì í." Ó mí kanlẹ̀. "Àṣé ó ń wò mí."

Mo na gúgúrú sí i. Ó gbà á, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, sinimá ní nítorí bí ọjà ṣe tà, àwọn á fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Alága ní iṣẹ́ Sátánì ni. Mo ní Sátánì mà mọ ọjà á tà o.

Títí dòní, mi ò tíì mọ ohun tí màá pe ohun tí mo rí. Pásítọ̀ ń sọ tiẹ̀, mi ò sì kàwé débi tí màá bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni mo fi ta ẹja fún obìnrin yẹn, tí mò ń yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹja mi ló dùn. Ẹja tí eegun ẹ̀ pọ̀ jù ló ń wá o, kó lè ríṣẹ́ ṣe fẹ́ni tó fẹ́ràn.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó wọlé, ó sì lọ tààrà síbi ṣáwá. Mo yọjú síta. Ọkùnrin kan jókòó sí iwájú mọ́tò ẹ̀, ó tẹrí ba, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin àtọmọ yín ti parí ìjà?"

"A ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kó wá jẹun ná." Ó ṣí pọ́ọ̀sì. "Ṣé iye tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni?"

Mo kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé kì í ṣe èmi. Mo ní, "Dọ́là méjìlá." Bí mo ṣe pàdánù dọ́là mẹ́rin nìyẹn.