Àwọn Tó Wá Wádìí Àbúrò Ọkọ Mi

Òórùn aṣọ tuntun tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀. Inú òórùn yẹn ni mo wà lọ́jọ́ tí àwọn ìyá àgbà méjì láti Odògbolú wọlé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rán bùbá. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n wọn ọrùn òun tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ọmọkùnrin ilé wọn fẹ́ fẹ́ ẹ, ìwádìí ni wọ́n wá ṣe. Ṣé o mọ̀ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń retí irú wọn?

Jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú fún ọ. Ọmọ mi ọkùnrin ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí a gba èsì àyẹ̀wò, ìyá ọkọ mi pe ẹbí jọ sílé wọn ní Ibefun, ó dìde láàárín wọn, ó nàka sí mi. "Kò sí irú ẹ̀ nílé wa rí. Ilé wọn ní Ìmùṣin ló ti gbé e wá." Obìnrin tó ti sin ọmọ méjì, tó pè wọ́n ní àbíkú! Ọkọ mi tẹrí ba. Àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ló tẹ̀ lé mi jáde, tó gba ọmọ lẹ́yìn mi kí n lè ráyè sunkún. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ mi. Ó ní kò sí bí ìyá nìkan ṣe lè kó àrùn yìí fún ọmọ. Bàbá ní ìpín ẹ̀jẹ̀ méjì lára, ìyá ní méjì, oníkálukú á fún ọmọ ní ẹyọ kan. Èmi ní ọ̀kan tó dáa àti ọ̀kan tí kò dáa, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ mi. Èyí tí kò dáa lọ́dọ̀ àwa méjèèjì ló bọ́ sọ́wọ́ ọmọ wa. Ó tún ní ọmọ ìyá kan náà lè má gba ìpín kan náà, pé ọ̀kan lè gbà á kí èkejì má gbà á rárá. "Ẹ̀jẹ̀ oníkálukú ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má bi ìdílé." Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwa fẹ́ ṣègbéyàwó, ilé méjèèjì wádìí ara wọn dáadáa: wèrè, ẹ̀tẹ̀, olè. Kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀jẹ̀.

Torí náà, nígbà tí ìyá àgbà yẹn béèrè pé, "Ìyàwó, ṣé kò sí àìsàn kankan nílé yẹn?" mo rọra gbé téèpù kalẹ̀.

"Màmá, fòníkú-fọ̀ladìde wà níbẹ̀. Ọmọ tèmi ní in. Ìyá ọkọ mi pàápàá ti sin méjì."

Wọ́n wo ara wọn. Ó yẹ kí n fi kún un pé kí ọmọbìnrin náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. N ò gbàgbé o, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo fẹ́ kí ojú ti ìyá ọkọ mi, kí wọ́n nàka sí ilé tirẹ̀ náà.

Wọn ò rán bùbá mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ náà, mo kó ẹja sí i bí ẹni ń ṣọdún, mo jẹ ẹ́, mo lá ọwọ́. Òótọ́ ṣáà ni mo sọ, ta ló máa bá olóòótọ́ wí?

Nígbà tó yá, Eyínfúnjowó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ni: kò ní àrùn náà, kò tilẹ̀ gbé ẹyọ kan rẹ̀ sára. Ó ní òun ti mú un dé Odògbolú, àmọ́ wọ́n ti bá ọmọ wọn wá ẹlòmíràn.

"Ìyàwó wa, nígbà tí wọ́n wá bi yín, ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè má sí lára mi?"

"Mo mọ̀."

Kò bá mi jà. Ó béèrè bóyá ara ọmọ mi ti mókun, mo ní ó ti mókun. Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ.

Mi ò tíì dárí ji ìyá ọkọ mi, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó fẹ́ dárí jì í. Bí mo bá rántí ọjọ́ Ibefun yẹn, àyà mi ṣì máa ń gbóná. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ lòun fi ṣe tirẹ̀; èmi mọ̀ kí n tó ṣe tèmi. Àrùn tí bàbá àti ìyá Eyínfúnjowó kò kó fún un, èmi ni mo wá kó o fún un.