Búrẹ́dì Tí Kò Bu

Ìyá Mànàmáná là ń pè é níbi iṣẹ́ wa, nítorí ẹ̀rọ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ yẹ̀rì bíi mànàmáná sórí oúnjẹ tí a ti dì sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ yẹn á sì pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí oúnjẹ bu. Ẹni tó bá wò ó láìfi dígí dúdú bojú, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Àmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá kọjú sí nìkan ló ń fọ̀ mọ́. Bí nǹkan bá gorí nǹkan, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà. Nítorí náà, Ìyá Mànàmáná kì í jẹ́ kí ọ̀rá méjì gun ara wọn. Nílé rẹ̀ pàápàá, àwo kì í gorí àwo. A máa ń bi í bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe ń sùn, á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn dópin nígbà tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Dókítà ní ara rẹ̀ kò lè bá kòkòrò kankan jà mọ́, pé oúnjẹ tó bu díẹ̀ báyìí lè pa á. Ẹ̀rù ba obìnrin yìí débi pé ó pa ìdáná tì. Oúnjẹ inú agolo ló ń gbé lọ sí ọsibítù.

Mo jókòó tì wọ́n ní ọsibítù lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún.

"Ìyàwó mi, ṣé bí mo ṣe máa lọ nìyí, láìtún jẹ nǹkan tó tọwọ́ ẹ wá?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Mo mọ̀. Búrẹ́dì ẹ ló ń wù mí jẹ."

Ká sòótọ́, inú bí mi sí i. Èwo ni kí aláìsàn máa bẹ ìyàwó rẹ̀ nítorí búrẹ́dì? N kò mọ̀ pé ìyàwó náà ti ń ro bó ṣe máa ṣe é.

Ó yan búrẹ́dì, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó sì gbé e wá síbi ẹ̀rọ. Ooru ààrò ti pa kòkòrò tó wà nínú búrẹ́dì. Ara rẹ̀ lóde ni kòkòrò ń bà lé lẹ́yìn náà. Ó gé e pẹlẹbẹ, ó ki ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọ ọ̀rá tirẹ̀, ó tẹ́ wọn láìfara kanra, ó tún yí wọn padà kí ìmọ́lẹ̀ lè rí ẹ̀yìn bó ṣe rí iwájú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí ọkùnrin náà máa jẹ ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ṣa èérún tó bọ́ sórí aṣọ rẹ̀ jẹ.

"Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù," ló wí, "bó ṣe máa ń rí."

Àìsàn ọ̀hún ló padà mú un lọ, kì í ṣe oúnjẹ.

Nígbà tí mo lọ kí Ìyá Mànàmáná nílé lẹ́yìn ìsìnkú, búrẹ́dì tó ṣẹ́kù wà nínú ọ̀rá wọn lórí tábìlì, ẹyọ kan kò kan ìkejì. Kò sí èyí tó bu nínú wọn.

"Mo ń retí kó bu," ló sọ fún mi, "kí n lè kó o dànù."

Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó rọra jókòó.

"Ìyàwó, kì í ṣe kó o lè máa wò ó ni ọmọ mi ṣe fi í sílẹ̀. Ya á, ká jẹ ẹ́."

Ìyá Mànàmáná ya ọ̀rá kan, ó pín búrẹ́dì inú rẹ̀ fún wa. Ó jẹ díẹ̀ nínú tirẹ̀.

"Màmá," ló wí, "iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́." Ìgbà yẹn ni omijé tí a kò rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú tó wá bọ́.