Ọwọ́ Ta Ló Wà Nínú Ọkọ̀ Ọkọ Mi?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nítorí owú. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yín ń lọ sí yunifásítì láti kọ́ nípa òkun. Èmi ò dé yunifásítì kankan o. Owú ló kọ́ mi ní tèmi, tíṣà líle sì ni.

Lẹ́yìn ogun Bíáfírà ni, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Apẹja ni Bàbá Ràmọ́, ọkọ mi. Marine Beach ni ọkọ̀ rẹ̀ ti máa ń gúnlẹ̀, èmi ni mo sì ń yan ẹja tó bá pa, tí mo ń tà á. Ẹ fi sọ́kàn pé lọ́dọ̀ tiwa létí omi nígbà yẹn, ìyàwó apẹja nìkan ló ń ti ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ láti kó ẹja. Ìyá rẹ̀ lè dúró wò, àbúrò rẹ̀ lè bá a di agbọ̀n mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó ló ń kó o. Bí o bá rí obìnrin mìíràn tó ń kó ẹja nínú ọkọ̀ ọkọ rẹ, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìyàwó tuntun ti dé nìyẹn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, màá ká ìró mi dé orúnkún, màá wọ inú omi lójú gbogbo ayé. Kí wọ́n rí mi. Kí gbogbo obìnrin Marine Beach mọ ẹni tó ni í.

Wàyí o, àwọn ọkọ̀ ńláńlá wá pọ̀ lápọ̀jù ní èbúté Àpápá. Wọ́n tò sójú omi, wọ́n ń dúró de àyè láti já ẹrù wọn. Ọ̀kan nínú wọn, èwo ni n ò mọ̀, ń da epo ẹ́ńjìnnì dúdú sómi. Epo kì í rì, orí omi ló ń léfòó sí. Bí omi bá ń kún, á gbé e wá bá wa. Bí omi bá wá ń fà, á fi í sílẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ wa, á bá tirẹ̀ lọ. Ìṣáwùrú kú, akàn tán. Ẹja wá ń rùn kẹrosíìnì, bó ti wù kí n yan án tó. Àwọn oníbàárà mi ní Ìjọra Badia dá a padà fún mi, wọ́n ní ṣé inú sítóòfù ni ọkọ mi ti ń pẹja ni.

Kò pẹ́ sí i ni Bàbá Ràmọ́ sọ pé kí n má wulẹ̀ wá pàdé òun létí omi mọ́, pé oòrùn ń mú. Oòrùn kẹ̀? Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, ṣé òṣùpá ló ń ràn lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀ ni? Ó wá ń gbé ẹja wálé fúnra rẹ̀ nínú agbọ̀n tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò. Wọ́n ti ṣa ńlá sọ́tọ̀, wọ́n ti ṣa kékeré sọ́tọ̀, wọ́n ti yọ ìfun inú wọn. Ọkọ mi tí kì í ká aṣọ ara rẹ̀ rí!

Mo fi imú sí ẹja náà. Kò rùn kẹrosíìnì rárá. Inú ẹlòmíràn ì bá dùn. Tèmi bàjẹ́.

Mama Ẹfẹ, ará Sápẹ́lẹ́ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló wá kóná mọ́ ọn. "Iya Ramo, this fish fine o. Na who dey comot am for your oga canoe?"

Mo ní ọkọ mi ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Man wey no sabi fold im own cloth? Hmm. My sister, open eye."

Ojú mi kò tún padé mọ́. Òjòwú ò lẹ́ran láyà; kò pẹ́ tí bùbá mi fi ń ṣí lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkọ̀ náà wò. Iyanrìn tó wà nílẹ̀ rẹ̀ funfun, ìkarahun wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ dúdú ni tiwa, torí pé omi ọ̀sà kì í le. Irú iyanrìn funfun bẹ́ẹ̀, ìgbì òkun ló ń fọ̀ ọ́. Mo tún rí i pé ìgbà tí omi bá ń fà ló ń jáde, ìgbà tó bá ń kún ló ń wọlé, kí omi lè bá a ti ọkọ̀ lọ, kó sì bá a tì í bọ̀. Apá òkun ló ń lọ. A jẹ́ pé etíkun ni obìnrin náà ń gbé. Ẹ rí bí owú ṣe ń kọ́ èèyàn níwèé?

Mo ró ìró mi tó dára jù, mo kun àtíkè, mo bá àwọn tó ń lọ já àgbọn wọkọ̀ kọjá Snake Island lọ sí etíkun. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Akàn ń sá káàkiri bí ọmọ iléèwé tó gba ìsinmi. Mo sì rí ọkọ̀ Bàbá Ràmọ́. Obìnrin kan dúró tì í, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹja mi.

N ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti di ìró rẹ̀ mú, mo ń bi í pé ta ló fún un láyè. Ó wò mí dáadáa, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi níbẹ̀. "Ẹ kú ewu ọ̀nà, ìyá wa. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ràmọ́ tí wọ́n máa ń sọ?"

Kí ló wá ń kúnlẹ̀ fún? Ṣé mo bá a ṣeré ni?

Ìlàjẹ ni, opó ni, Ọmọ́lèrè lorúkọ rẹ̀. Bàbá Ràmọ́, tó ń ti orí iyanrìn sáré bọ̀, ló wá ṣàlàyé, ó ń wolẹ̀. Ó ní òfin etíkun yẹn yàtọ̀ sí tiwa. Ọkọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀ àfi bí obìnrin ibẹ̀ kan bá bá a kó ẹja. Bó bá ti kó o, ó ti di onídùúró fún àlejò náà nìyẹn; bí àlejò bá ba àwọ̀n ẹlòmíràn jẹ́, òun ni wọ́n á bi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó ló ń kó ẹja. Lọ́dọ̀ tiwọn, onídùúró ni.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ó ní bí òun bá sọ, ṣé màá gbà? Ó tún ní ojú ń ti òun láti sọ fún mi pé omi tí òun fi ń bọ́ mi ti kú.

Mo gbà á gbọ́. Ṣé owú mi wá rọlẹ̀? Kò rọlẹ̀ o. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé kò sí ọwọ́ tí yóò ṣáájú tèmi nínú ọkọ̀ yẹn mọ́. Èmi yóò máa bá a wá. Èmi yóò kó ẹja, màá gbé e lé Ọmọ́lèrè lọ́wọ́, òun á gbé e gun iyanrìn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ìyá wa. Ni mo bá ká ìró mi tó dára jù dé orúnkún, mo wọ inú omi.

Mo mú akàn kan bọ̀ wálé fún Ràmọ́, ọmọ wa, torí pé akàn ti tán létí omi wa kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Bí a ṣe gúnlẹ̀ sí Marine Beach, epo ń dán yinrin lójú omi. Ọmọ náà sáré wá pàdé wa. Mo gbé akàn sórí ẹrọ̀fọ̀ kó lè rí bó ṣe ń rìn. Akàn náà rìn díẹ̀, ó dúró. Ó yí padà, ó wá ń họ ara ọkọ̀ wa, ó fẹ́ wọlé padà. Ràmọ́ ń pàtẹ́wọ́. Èmi bú sẹ́kún.

Owú tó mú mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n ò tíì rí irú rẹ̀ títí di òní. Etíkun Ọmọ́lèrè ni mo ń jowú. Iyanrìn rẹ̀, akàn rẹ̀, omi tí èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin tó kó ẹja mi, mo rí ìró rẹ̀ dì mú. Ẹni tó gba omi mi, ìró ta ni kí n dì mú?

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: ẹ máa jowú omi yín bí ẹ ṣe ń jowú ọkọ, ẹ má dúró dìgbà tí ẹja á máa rùn. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Omi wo ni wọ́n fi tọ́ yín dàgbà? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi níbí, kí ẹ sì sọ ọwọ́ ta ló wà nínú rẹ̀ báyìí.